Ẹ bi pọ́ǹpù léèrè kí ẹ tó mú ẹnkódà

Ìbéèrè: Mo ní tiransimítà àti risífà kékeré ti 433 MHz, irú olówó pọ́ọ́kú tí kò mọ̀ ju kí ó tan ìgbì kí ó sì pa á. Mo fẹ́ kí tánkì omi máa sọ fún pọ́ǹpù, tí ó fi nǹkan bíi mítà 60 jìnnà sí i, ìgbà tí yóò ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí yóò dúró. Mo so ẹnu serial (ibi tí bíìtì ti ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan) lára Arduino, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré mi, mọ́ tiransimítà tààrà, ṣùgbọ́n lẹ́tà játijàti ni risífà ń tú jáde, kódà nígbà tí n kò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Wọ́n ní ẹnkódà (èyí tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àmì kí ó tó lọ) àti dikódà (èyí tó ń tú àmì náà) ni mo nílò. Àwọn kan ní HT12E àti HT12D, àwọn kan ní PT2262 àti PT2272, ẹlòmíràn ní kí n má ra ìkankan, kí n kọ gbogbo rẹ̀ sínú Arduino. Bí èyí bá yọrí sí rere, mo fẹ́ fi irú rẹ̀ ṣí géètì. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn pé ẹ kọ ohun tí ẹ fojú rí sínú ìbéèrè yín, torí lẹ́tà játijàti yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé risífà ti bàjẹ́. Wọ́n á jù ú nù, wọ́n á wá òmíràn, òmíràn á sì ṣe bákan náà.

Risífà yín kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Nígbà tí kò bá gbọ́ ìgbì kankan, yóò máa tẹ́ etí sí i, yóò tún máa tẹ́ ẹ sí i, títí yóò fi dé ibi tí ariwo inú afẹ́fẹ́ àti ariwo inú ara rẹ̀ á fi dún bí ìgbà tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀. Ariwo yẹn ló ń tú jáde ní ẹsẹ̀ DATA, 1 tẹ̀lé 0, 0 tẹ̀lé 1, tọ̀sán-tòru. Ẹnu serial kò sì mọ ariwo yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ibikíbi tí wáyà bá ti já láti 1 sí 0, ó gbà pé lẹ́tà kan ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ka bíìtì 8, ó sì gbé e lé yín lọ́wọ́.

Àbùkù kejì wà tí ojú kò tètè rí. Risífà yìí kò ní òdiwọ̀n kan pàtó tí ó fi ń mọ ohun tó ga àti ohun tó rẹlẹ̀. Àárín ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ló ń fi ṣe òdiwọ̀n. Bí 1 àti 0 bá ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn déédéé, àárín náà dúró síbi tó yẹ. Bí 1 bá gùn jù, òdiwọ̀n á gòkè lọ bá a. Bí 0 bá gùn jù, òdiwọ̀n á sọ̀kalẹ̀ títí ariwo á fi ga jù ú lọ. Serial ní tirẹ̀, orí 1 ló máa ń dúró sí nígbà tí kò bá ní ọ̀rọ̀ sọ. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ rò pé tiransimítà yín dákẹ́, ṣe ló tan ìgbì sílẹ̀, ó ń jẹ bátìrì, ó sì ti ti òdiwọ̀n risífà kúrò láyè rẹ̀ kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó jáde.

Ohun tí a ń wá ẹnkódà fún nìyẹn. Ẹni tó ń pa àrokò ránṣẹ́ àti ẹni tó máa tú u gbọ́dọ̀ ti mọ ọwọ́ ara wọn tẹ́lẹ̀, kí ẹni tó ń tú u lè wo ohun tí wọ́n gbé dé, kí ó sì sọ pé: èyí kì í ṣe tèmi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ gbé kò ju bíìtì 1 tàbí 2 lọ. Gbígbé e kò le. Ohun tó le ni kíkọ̀. Dikódà tó bá lè kọ ariwo, tó lè kọ rìmóòtù aládùúgbò, tó tún lè mọ̀ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, òun ni dikódà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí èèyàn yan dikódà kí ó tó yan ẹnkódà, kí ó sì bá ohun tí dikódà máa darí sọ̀rọ̀ kí ó tó yan dikódà. Ẹ bi pọ́ǹpù yín léèrè: bí o kò bá gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ tánkì, kí ni kí o ṣe? Mo máa padà sí ìbéèrè yẹn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn IC, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, tí wọ́n dárúkọ fún yín.

HT12E àti HT12D ti ilé-iṣẹ́ Holtek ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi kọ́ iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ 18 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní: 8 fún àdírẹ́sì, 4 fún dátà, ìyókù fún iná àti iṣẹ́ mìíràn. Ẹsẹ̀ àdírẹ́sì tí ẹ bá so mọ́ gíráǹdì di 0, èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìso di 1, bíbá ara wọn mu ẹgbẹ́ méjèèjì sì ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Bí ẹ bá fa ẹsẹ̀ TE sí gíráǹdì, HT12E á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ó kéré tán. HT12D ní tirẹ̀ kò ní gbà á gbọ́ àyàfi tí àdírẹ́sì náà bá bá tirẹ̀ mu ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léra wọn. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ VT rẹ̀ á gòkè, tí bíìtì 4 náà á sì jáde.

Ẹ kíyè sí 4 àti 3 yẹn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sábà máa ń ṣòfò, torí òun ni risífà fi ń tún òdiwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ó ku 3, dikódà sì nílò 3. Bí ariwo bá ba ẹyọ kan jẹ́ nínú wọn, ó tán. Pẹ̀lú resístọ̀ tí a sábà máa ń lò, ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Nítorí náà ẹ má ṣe kàn fọwọ́ kan TE kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ dì í mú fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, kí ọ̀rọ̀ náà lè jáde ní nǹkan bí ìgbà 20.

Ọ̀rọ̀ resístọ̀ yìí náà gba àkíyèsí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan IC méjèèjì ní aago inú tirẹ̀, resístọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń sọ bí aago náà ṣe máa yá tó. Aago HT12D gbọ́dọ̀ yá ju ti HT12E lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 50. Ní fóltì 5, 1 MΩ lára HT12E máa ń fún un ní nǹkan bí 3 kHz, 51 kΩ lára HT12D á sì fún un ní 150 kHz. Wọ́n bára mu. Ṣùgbọ́n iyára aago náà ń yí pa dà bí fóltì bá yí pa dà. Odindi ọ̀sán kan ni mo ti fi ṣòfò rí lórí èyí. Lórí tábìlì, fóltì 5 ni mo fún àwọn méjèèjì, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Nígbà tí mo gbé ẹnkódà sínú àpótí tí mo sì fún un ní bátìrì fóltì 12, dikódà dákẹ́ lọ gbári. Mo tú antẹ́nà, mo pààrọ̀ risífà, mo súnmọ́ ọn títí ó fi ku ìgbésẹ̀ méjì, kò dáhùn. Resístọ̀ ni. Ìwé IC náà ní àwòrán tó fi iye resístọ̀ hàn fún fóltì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ti ẹnkódà ní fóltì tirẹ̀, kí ẹ sì wo ti dikódà ní fóltì tirẹ̀.

Nǹkan kan ṣì wà tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú: ẹsẹ̀ dátà tí ẹ kò so mọ́ nǹkan kan, 1 ni HT12E ń kà á sí. Bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ tó fa ẹsẹ̀ náà sí gíráǹdì á fi 0 ránṣẹ́. Bí ẹ bá rí i pé rílè (swíìṣì tí dikódà ń tàn tó sì ń pa) ń tàn nígbà tó yẹ kó kú, ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó bínú sí ohunkóhun mìíràn.

PT2262 àti PT2272 ti Princeton jọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àdírẹ́sì wọn ní ipò mẹ́ta: kí ẹ so ó mọ́ gíráǹdì, kí ẹ so ó mọ́ iná, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ ní àìso. Ẹsẹ̀ 8 tí ipò rẹ̀ jẹ́ méjì lè fúnni ní àdírẹ́sì 256 péré. Ẹsẹ̀ 8 tí ipò rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta ń fúnni ní 6,561. Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì níbi tí rìmóòtù pọ̀ sí, àmọ́ kò wúlò rárá fún ẹni tó fi gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìso bí ó ṣe rà á, torí bẹ́ẹ̀ náà ni aládùúgbò rẹ̀ ṣe fi tirẹ̀ sílẹ̀. Resístọ̀ wọn máa ń rìn ní méjì-méjì: 4.7 MΩ lára PT2262 pẹ̀lú 820 kΩ lára PT2272, tàbí 3.3 MΩ pẹ̀lú 680 kΩ. Ẹ má ṣe mú ọ̀kan nínú ìsọ̀rí yìí kí ẹ fi pọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú ìyẹn.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lára PT2272 ni lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀, òun sì ni àwọn èèyàn kì í kà. M4 túmọ̀ sí pé dátà 4 náà á wà níta níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣì ń wọlé. Bí ọ̀rọ̀ bá dáwọ́ dúró, wọ́n á kú. L4 túmọ̀ sí pé ohun tó gbọ́ kẹ́yìn ló máa dì mú, títí ọ̀rọ̀ mìíràn á fi dé. HT12D náà, dídì mú ni tirẹ̀. Lẹ́tà ẹyọ kan, M tàbí L, ni ìyàtọ̀ láàárín pọ́ǹpù tó dúró àti pọ́ǹpù tó ń ṣàn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo ní mo máa padà síbẹ̀. Ẹ fọkàn yàwòrán rẹ̀. Tánkì ti ń kún lọ, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ torí pé "ṣiṣẹ́" ni ọ̀rọ̀ tó gbọ́ kẹ́yìn. Tánkì kún. Ẹnkódà sọ "dúró", ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn gan-an, ẹnì kan tẹ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó wà lórí 433.92 MHz kan náà, tàbí bátìrì orí tánkì kú, tàbí òjò wọ inú àpótí. Dikódà tó ń dì mú kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. "Ṣiṣẹ́" ló gbọ́ kẹ́yìn, "ṣiṣẹ́" ló dì mú. Ìgbì ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ ní, orí tánkì kò sì lè gbọ́ ìdáhùn kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun kò débẹ̀. Mo ti rí irú rẹ̀. Omi ti ṣàn wọ inú ilé kí ẹnikẹ́ni tó jí.

Nítorí náà, ohun tí pọ́ǹpù yín máa dáhùn ni pé: bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, kí n dúró. Ìdáhùn yẹn ló máa yan gbogbo ìyókù. Ó túmọ̀ sí pé tánkì kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí nǹkan bá yí pa dà kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa sọ ipò rẹ̀ léraléra, bóyá ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 20: "omi kò tíì kún, omi kò tíì kún". Pọ́ǹpù ní tirẹ̀ á máa ka aago. Ọ̀rọ̀ tó péye kọ̀ọ̀kan ń ra ìṣẹ́jú 2 fún un. Bí ìṣẹ́jú 2 bá kọjá láìgbọ́, ó kú. Ọ̀rọ̀ 5 lè sọnù léra wọn láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n bátìrì tó kú kò ní sọ ilé di odò.

Ǹjẹ́ HT12D lè ṣe èyí? Ó lè ṣe é. Ẹ fi ẹsẹ̀ VT ta 74HC123, IC kan tó ń ka aago, jí ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé, kí ẹ jẹ́ kí òun àti dátà jọ fọwọ́ sí i kí rílè tó tàn. Lórí tánkì, ẹ nílò aago mìíràn tí yóò máa fa TE wálẹ̀. Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ka iye IC, kapásítọ̀ àti resístọ̀ tó ti wọ inú rẹ̀, ẹ máa rí i pé maikirokontírólà kékeré méjì, irú ọpọlọ tó wà nínú Arduino, ìbá ti ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n á tún sọ fún yín bí bátìrì ṣe kù sí, èyí tí HT12E kò lè sọ láìjẹ́ pé ẹ yọ ọ̀kan sọ́tọ̀ fún un nínú bíìtì 4 rẹ̀.

Nítorí náà, fún tánkì, ẹni tó ní kí ẹ kọ ọ́ sínú Arduino ló sọ òótọ́. Ẹ má sì fi serial ṣe é. Ẹ lo RH_ASK tó wà nínú RadioHead, àkójọ kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún Arduino. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, torí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n máa mọ irú ẹnkódà yòówù tó bá pàdé.

Kí ó tó sọ ohunkóhun, ó máa ń fi bíìtì 36 tó ń pààrọ̀, 1, 0, 1, 0, jí risífà. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí òdiwọ̀n àárín yẹn padà sáyè rẹ̀, kí dikódà sì bá ìlù náà mu. Lẹ́yìn ìyẹn ni bíìtì 12 tó jẹ́ àmì ìbẹ̀rẹ̀, tí ariwo kò lè tètè ṣèèṣì pè. Lẹ́yìn náà, iye báìtì, àdírẹ́sì, ọ̀rọ̀ yín, àti báìtì 2 ti CRC tí wọ́n fi ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni bó ṣe ń gbé báìtì. Ó pín in sí méjì, bíìtì 4 ní apá kan, bíìtì 4 ní apá kejì, ó sì fi bíìtì 6 rọ́pò apá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà 20 ló wà tí èèyàn lè gbà to bíìtì 6 tí 3 nínú wọn á jẹ́ 1, tí 3 á jẹ́ 0. Ó mú 16 nínú 20 náà, ìyẹn sì tó fún gbogbo nọ́ńbà láti 0 dé 15. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun yòówù kí ẹ fi ránṣẹ́, ìbáà ṣe báìtì tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 0, ìdajì ìgbì á wà ní títàn, ìdajì á wà ní pípa, òdiwọ̀n risífà kò sì ní yẹ̀. Àrùn tí serial kó ran yín ni bíìtì 6 yìí wò sàn.

Ẹ tún lè rí àwọn tó ń lo Manchester fún iṣẹ́ kan náà: 1 á di 01, 0 á di 10. Ó dára, ó rọrùn láti kọ, ṣùgbọ́n bíìtì méjì ló ń ná fún ẹyọ kan, níbi tí ti òkè yìí ń ná ọ̀kan àbọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àṣà méjì ló wà nípa èwo ni 01 àti èwo ni 10, ti G. E. Thomas àti ti IEEE 802.3, wọ́n sì yí ojú sí ara wọn. Bí ẹ bá kọ ẹnkódà fúnra yín tí ẹ sì gba dikódà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí gbogbo bíìtì sì dé ní òdìkejì, ẹ ti mọ ibi tó ti wá.

Fún ọ̀rọ̀ tánkì, báìtì 4 tó: nọ́ńbà tánkì, nọ́ńbà ọ̀rọ̀ tó ń pọ̀ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí omi dé, fóltì bátìrì. Ẹ má fojú kéré nọ́ńbà ọ̀rọ̀ yẹn. Bí 41 bá tẹ̀lé 38, ẹ mọ̀ pé 2 ti sọnù. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ máa mọ bí ọ̀nà ìgbì yín ṣe dára tó gan-an dípò kí ẹ máa méfò. Tí a bá ṣírò rẹ̀, bíìtì 36, 12, àti báìtì 11 (4 ti ọ̀rọ̀ yín, 7 ti iye báìtì, àdírẹ́sì àti CRC) tí ọ̀kọ̀ọ̀kan di bíìtì 12, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180. Ní bíìtì 2,000 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí RH_ASK ń lò bí ẹ kò bá yí i pa dà, ó gba 0.09 ìṣẹ́jú-àáyá. Lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 20, ẹ kò gba tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àkókò ìgbì náà. Ìyẹn dára fún bátìrì, ó dára fún aládùúgbò, ó sì dára lójú òfin: ní Yúróòpù, fún àpẹẹrẹ, 10 mW àti ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò ni òṣùwọ̀n tí wọ́n sábà ń tẹ̀ lé láàárín 433.05 àti 434.79 MHz, nígbà tí Amẹ́ríkà ní òfin mìíràn, tí 315 MHz sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ẹ yẹ òfin ibi tí ẹ wà wò kí ẹ tó ra. Bí ẹ bá ní tánkì méjì, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tí kò dọ́gba kún 20 tàbí yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n má bàa máa sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí ní gbogbo ìgbà.

Ti géètì yàtọ̀ pátápátá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe gbé ti tánkì síbẹ̀. Ìbéèrè tí géètì ń béèrè ni pé: bí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé olówó mi ni, ṣé mo máa mọ̀? HT12D kò ní mọ̀. Àdírẹ́sì 256, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbà ju ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ, kò pé ìdajì ìṣẹ́jú kí ẹnì kan tó gbìyànjú gbogbo rẹ̀ tán. PT2262 kàn sún un síwájú ni. EV1527, tí ilé-iṣẹ́ ti kọ nọ́ńbà bíìtì 20 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀, ní nọ́ńbà tó lé ní mílíọ̀nù kan. Ó dára gan-an fún aago ẹnu ọ̀nà àti iná, risífà tó bá ń kọ́ nọ́ńbà sì máa ń gbà á láìsí resístọ̀ kankan láti bá mu. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àìsàn kan náà: ohun kan náà ni wọ́n ń sọ lónìí, lọ́la, títí láé. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lè tún un sọ.

Fún géètì, ẹ wá èyí tí kóòdù rẹ̀ ń yí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. HCS301 ti Microchip, tó ń lo KeeLoq, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ti kóòdù pa, ni ọ̀kan tó wọ́pọ̀. Bíìtì 66 ló ń fi ránṣẹ́. 32 nínú wọn jẹ́ èyí tó ti fi kọ́kọ́rọ́ bíìtì 64 tì, nọ́ńbà kan wà nínú wọn tó ń lọ síwájú, dikódà kì í sì gba nọ́ńbà tó ti kọjá. Mi ò ní tàn yín pé kò ṣeé borí. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Bochum ní Jámánì fi hàn pé àwọn lè rí kọ́kọ́rọ́ KeeLoq nípa wíwo iná tí IC náà ń jẹ. Ní 2015, Samy Kamkar sì fi ẹ̀rọ kékeré kan hàn tó ń dí risífà létí kí ó lè fi kóòdù tí a kò tíì lò pamọ́. Síbẹ̀, ó jìnnà púpọ̀ sí àdírẹ́sì 256. Bí ohun tó wà lẹ́yìn géètì bá ṣe pàtàkì gan-an, ẹ lo ìgbì ọ̀nà méjì, níbi tí géètì á ti béèrè ìbéèrè tuntun tí rìmóòtù máa dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ lè pàdé MC145026 ti Motorola nínú àwòrán àtijọ́. IC tó dára ni nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é mọ́. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. nRF24L01+ àti HC-12, àwọn ẹ̀rọ ìgbì kékeré tó lè sọ tó sì lè gbọ́, ní ẹnkódà àti dikódà nínú ara wọn. nRF24L01+ máa ń fi CRC yẹ ọ̀rọ̀ wò, ó sì máa ń dá ìdáhùn padà fúnra rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ra púpọ̀, wọ́n yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò. Ẹ kàn rántí pé iná nRF24L01+ kò gbọdọ̀ kọjá fóltì 3.6.

Kò sí ẹnkódà tó lè la etí risífà tó di. Bí mítà 60 bá ṣòro fún yín, wáyà antẹ́nà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: 17.3 sẹ̀ǹtímítà fún 433.92 MHz, 23.8 fún 315, kí ó nà tààrà, kí ó jìnnà sí irin tánkì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pààrọ̀ risífà náà sí irú tí wọ́n ń pè ní superheterodyne. Ẹ fi kapásítọ̀ 0.1 µF sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ iná rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì lo ìgbì rárá. Ẹ fi wáyà kan so ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde lára Arduino ti tánkì mọ́ ibi tó ti ń wọ Arduino ti pọ́ǹpù, kí ẹ sì so gíráǹdì wọn pọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lórí wáyà, kò lè ṣiṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́, ẹ sì ti mọ̀ pé kì í ṣe antẹ́nà ló fà á. Bí ó bá ṣiṣẹ́, ẹ fi tiransimítà àti risífà rọ́pò wáyà náà lórí tábìlì kan náà, pẹ̀lú mítà kan tàbí méjì láàárín wọn. Kí ẹ tó gbé e jáde nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé gbogbo rẹ̀ sí àyè rẹ̀, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, kí ẹnì kan sì gun orí tánkì lọ yọ bátìrì. Ẹ wo aago. Bí ìṣẹ́jú 2 bá pé tí pọ́ǹpù kò dúró, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ gbé e padà sórí tábìlì, kí ẹ má sì sùn tì í lóru ọjọ́ náà.